Páálí Fáìfù Orí Kọ́bọ́ọ̀dù

Ọmọbìnrin mi àbígbẹ̀yìn ló sọ pálọ̀ mi di ilé géèmù, mi ò sì bá a jà. Ilé-ìfowópamọ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ l'Ékòó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a dúró nígbà náà, òun àti àwọn mìíràn. Ìyá rẹ̀ ò tíì pé ọdún kan tó kú. Ilé mi ní Òmù-Àrán dákẹ́ débi pé bí aláǹgbá bá já bọ́ láti òkè àjà, mo máa ń kí i káàbọ̀. Nítorí náà, nígbà tó dé tòun ti àpò rẹ̀, tó ní, "Bàbá, ṣé mo lè lo pálọ̀?" èsì tí mo fún un ni pé, "Ṣé àga ni kí n kọ́kọ́ bá ẹ gbé jáde, àbí tábìlì?"

Ó kan tẹlifíṣọ̀n méjì mọ́ ògiri, ó to àga rọ́bà, ó sì fi owó tí wọ́n fún un nígbà tí wọ́n dá a dúró gbé sólà sórí òrùlé. Fọ́tò ìyá rẹ̀ àti kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lábẹ́ rẹ̀ nìkan ni kò yọ kúrò. Láti ibẹ̀ ni ìyàwó mi ti ń wo àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń fi ìka gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tó ti pẹ́ làwọn ọmọ ń pè ní Fọ́ọ̀. Tuntun ni Fáìfù. Lójú tèmi, kò sí ìyàtọ̀: nínú méjèèjì, wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù, ẹnì kan á sunkún.

Àwọn ọmọ ìlú wa fúnra wọn kò kọ Fọ́ọ̀. Wàhálà wà nínú oṣù Kejìlá, nígbà tí àwọn ará ilé láti Èkó, Àbújá àti Pọtá bá kó ọmọ wọn wálé wá ṣe Kérésì. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ló ń bọ́ ṣọ́ọ̀bù náà fún oṣù mẹ́rin tó tẹ̀ lé e. Ní Kérésì àkọ́kọ́, ọmọ àlejò kan á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á na ọrùn, á ní, "Ṣé Fọ́ọ̀ nìkan lẹ ní?" Á wá yí padà bí ẹni tí wọ́n gbé ọbẹ̀ ìjẹta fún. Bí ọmọ kan bá yí padà, mẹ́fà á tẹ̀ lé e, obìnrin tó ń din àkàrà níwájú ilé wa á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá epo rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ní Kérésì kejì, láti oṣù Kẹwàá ni ọmọ mi ti kọ ọ́ sára pátákó pé: FÁÌFÙ Ń BỌ̀ NÍ KÉRÉSÌ. Lọ́jọ́ tó kọ ọ́, ó jókòó tì mí lẹ́yìn oúnjẹ.

Ó ní, "Bàbá, mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan. Bí Kérésì yìí náà bá rí bí èyí tó kọjá, màá ti ṣọ́ọ̀bù yìí pa. Ọ̀rẹ́ mi l'Ékòó ní iṣẹ́ wà ní ọ́fíìsì tiwọn. Oṣù kìn-ín-ní ni màá lọ."

Mo ní, "Ó dáa." Mo bá jáde lọ wo adìyẹ. Mi ò ní adìyẹ kankan.

Ẹ̀rọ tó ń bọ̀ ní Kérésì kò bọ̀. Ọmọ mi lọ sí Ìlọrin lẹ́ẹ̀mẹta. Oníṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ní ọjà ṣì wà lórí omi. Ẹnì kejì ní òun ní ẹyọ kan, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ ra tẹlifíṣọ̀n tó ti là lójú mọ́ ọn, àti géèmù mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kì í gbá. Ẹnì kẹta dárúkọ iye kan, fóònù rẹ̀ dún, ó gbé e, nígbà tó sì sọ̀rọ̀ tán, iye náà ti pọ̀ sí i. "Níṣojú mi níbẹ̀ ló ṣe gòkè, Bàbá! Mi ò tíì dìde lórí àga!"

Mo rẹ́rìn-ín, inú sì bí i. Kò mọ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín. Nígbà tí irun orí mi ṣì dúdú, tí mo wà ní yunifásítì, olùkọ́ kan fi ẹfun ya ìlà méjì sójú pátákó, ọ̀kan ń gòkè, ọ̀kan ń sọ̀kalẹ̀, ó ní ibi tí wọ́n ti pàdé ni iye ọjà wà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo yege nínú ìdánwò rẹ̀, mo tún fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ ẹlòmíràn. Àmọ́ mi ò gbà á gbọ́ títí di ọjọ́ tí ìlà tó ń gòkè wá bá ọmọ tèmi lórí ìjókòó n'Ílọrin. Àwọn ìwé tí mo fi kọ ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Àwọn ọmọ mi ti bẹ̀ mí títí pé kí n dáná sun wọ́n. Mo ní ìdí tí mo fi fi wọ́n pamọ́, ẹ máa gbọ́ ọ láìpẹ́.

Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí Kérésì dé, ọmọ mi ní òun máa lọ wá a dé Èkó. Àárọ̀ kùtùkùtù ló kó àpò rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na ìka sí mi bí ẹni pé èmi ni mo jẹ́ ọmọ.

"Bàbá, ẹ bá mi jókòó ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ máa fún wọn ní pádì tí wọ́n fi ń gbá a, ẹ máa gbà á padà. Ẹ má ṣe nǹkan kan tó jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Kí ni mo fẹ́ ṣe?"

"Mi ò mọ̀. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù."

Mo gbìyànjú. Fún bíi wákàtí méjì gbáko, mi ò ṣe nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni mo gun ọ̀kadà lọ sí Rore, ìlú kejì sí tiwa, nítorí ilé géèmù kì í ṣí kó tó di aago mẹ́wàá, mo sì ní ọ̀rẹ́ kan níbẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì bíi tèmi. A jókòó, a sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó ti kú, ó wá ní kí n mú obì. Ó fa páálí kan jáde láti abẹ́ àga rẹ̀. Inú ewé ni obì wà, inú páálí ni ewé wà, ara páálí náà sì ni àwòrán Fáìfù wà, funfun balau, ó ń dán bí eyín ọmọ tuntun. Ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun ló fi kó síńgílẹ́ẹ̀tì àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ránṣẹ́ sí i.

Ọkàn mi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí ẹnu mi tó mọ̀.

Mo ní, "Yá mi ní páálí yìí."

Ó wò mí lójú. Láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la ti jọ wà. "Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù."

"Kí ó máa ṣe kí ni níbẹ̀?"

"Kó sáà máa wà níbẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó obì rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. "Wàá dá a padà o. Obì mi ò mọ ibòmíràn sùn."

Páálí òfìfo kò ṣeé gbé ọkàn lé, afẹ́fẹ́ lásán á máa tì í kiri. Mo bá fa àwọn ìwé yunifásítì mi jáde láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo tò wọ́n sínú rẹ̀, mo fi tépù dí i, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, lábẹ́ fọ́tò ìyàwó mi gẹ́ẹ́. Ó wúwo dáadáa. Mo wo fọ́tò náà. Ó jọ pé ó ń wò mí bó ṣe máa ń wò mí nígbà tí mo bá ní mi ò fọwọ́ kan ẹran inú ìkòkò.

Aago mẹ́wàá, àwọn ọmọ dé. Ọmọbìnrin kékeré kan tí àwọn òbí rẹ̀ kó wá láti Àbújá ló kọ́kọ́ gbójú sókè.

"Bàbá àgbà, kí nìyẹn?"

"Kí lo rí?"

"Páálí Fáìfù!"

"Ojú ẹ ṣì dáa."

"Ṣé ó ti dé ni?"

"Páálí ti dé," ni mo wí. Òótọ́ pọ́ńbélé ni.

Ariwo tó sọ, àwọn tó ń kọjá lọ sí ọjà gbọ́ ọ. Kí n tó ṣẹ́jú, pálọ̀ ti kún. "Ẹ ṣí i! Ẹ ṣí i!" Mo gbé ọwọ́ sókè bí mo ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì, wọ́n sì dákẹ́. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti dákẹ́ fún mi.

Mo ní, "Nínú ilé yìí, a kì í ṣí ohun tuntun bẹ́ẹ̀."

Irọ́ kọ́ nìyẹn náà. Bàbá mi ló kọ́kọ́ tẹ̀ lé àwọn míṣọ́nnárì nínú agboolé wa; àbúrò rẹ̀ lọ sí Ìlọrin, ó kọ́ kéú, ó sì wé láwàní bọ̀. Inú agboolé kan náà ni wọ́n ń gbé. Kí ìjà má bàa wà, wọ́n dá àdéhùn kan: ohun tuntun tó bá wọlé, ì báà jẹ́ kẹ̀kẹ́, ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí ẹ̀rọ tó ń lọ ata, ìhà kan kò gbọ́dọ̀ dá a ṣí. Onígbàgbọ́ á gbàdúrà sí i, Mùsùlùmí á gbàdúrà sí i, ẹni tó dàgbà jù nínú agboolé á wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i. Ẹ̀gbọ́n mi kan gun kẹ̀kẹ́ tuntun kí wọ́n tó gbàdúrà sí i, inú odò ni wọ́n ti lọ fà á jáde tòun ti kẹ̀kẹ́. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó dán an wò mọ́. Kódà sólà tó wà lórí òrùlé mi, nígbà tí pásítọ̀ àti àáfáà na ọwọ́ sí i tán, èmi ni mo gun àkàbà lọ já ọ̀rá ara rẹ̀ fúnra mi.

Pásítọ̀ ìjọ wa sì wà n'Ílọrin fún ìpàdé àwọn òjíṣẹ́. Àáfáà agboolé wa, ọmọ àbúrò bàbá mi yẹn gan-an, lọ sí Sàárẹ́ fún ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀. Mo ti ṣírò rẹ̀ dáadáa: ọmọ mi á ti dé láti Èkó pẹ̀lú Fáìfù gidi kí àwọn méjèèjì tó dé. N ó gbé páálí kan kúrò, n ó gbé òmíràn síbẹ̀, kò ní í sẹ́ni tó máa mọ̀.

"Ó di ìgbà tí pásítọ̀ àti àáfáà bá dé," ni mo wí fún wọn. "Ní báyìí ná, ẹ tò."

Bí a ṣe ń to kẹ́ẹ̀gì sídìí ẹ̀rọ omi ni mo ní kí wọ́n to bàtà wọn: ẹni tí sálúbàtà rẹ̀ bá ṣáájú ló máa kọ́kọ́ gbá Fáìfù. Àmọ́ òfin kan wà: ẹni tó bá fi bàtà rẹ̀ sílẹ̀ tó lọ sílé, a ó fà á sẹ́yìn pátápátá. Nítorí náà, wọ́n jókòó ti bàtà wọn. Ọmọ tó bá sì jókòó, ọwọ́ rẹ̀ á máa yún un, á gba pádì, á gbá Fọ́ọ̀. Ebi á pa á, á ra àkàrà. Ní ọjọ́ kejì, bàtà ti to láti ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù kọjá ẹnu ọ̀nà, ó ti dé etí gọ́tà.

Alákàrà yọjú wọlé tòun ti ṣíbí ìdín-àkàrà lọ́wọ́. "Bàbá, ẹ má ì ṣí i o! Ẹ jẹ́ kó pẹ́ dáadáa níbẹ̀." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Kí ló tiẹ̀ wà nínú ẹ̀ gan-an?"

"Ìmọ̀ ni."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Mo rò bẹ́ẹ̀," ló wí, ó sì padà sídìí epo rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì.

Ohun kan ló rú mi lójú. Láàárín sálúbàtà àwọn ọmọ wọ̀nyí, ní ipò kẹtàlá, bàtà aláwọ kan wà níbẹ̀, bàtà àgbàlagbà, aláwọ̀ obì, tó ń dán, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Mo bèèrè ẹni tó ni ín. Gbogbo wọn ní àwọn ò mọ̀. Àwọn bá a níbẹ̀ láàárọ̀ ni. Mo fi í sílẹ̀. Òfin ni òfin, bàtà ló ní kí á tò, kò sọ ti ta ni.

Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ mi pè mí lórí fóònù.

"Bàbá, mi ò rí i. Ẹyọ kan tí mo rí, níṣojú mi ni wọ́n gbé e fún ẹni tó fi kún owó."

"Máa bọ̀ nílé nìyẹn."

"Ọ̀rẹ́ mi ní bí mo ṣe wà níbí yìí, kí n wá wo ọ́fíìsì yẹn ná."

"O wá lọ wò ó?"

"Mo lọ wò ó."

"Ó dáa bí?"

"Ẹ̀rọ amúlétutù wà níbẹ̀, Bàbá. Tábìlì mi á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé."

Mo yí ojú sí páálí orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní, "Ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Ṣé èèyàn ń wá?"

"Wọ́n ń wá."

"Kí ni wọ́n ń wá ṣe?"

"Wọ́n ń jókòó."

"Bàbá... kí lẹ ṣe?"

Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, mo pa fóònù. Òru ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rò ó pé bó bá dé lọ́wọ́ òfo, páálí mi ò ní í gbà á. Á kàn tì í kúrò nílé kíákíá ni. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ò sì tíì lo ọ̀sẹ̀ kan.

Òótọ́ náà bá a ní ọjọ́ tó ṣáájú Kérésì, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ohun tí mi ò fi kún ìṣirò mi ni pé pásítọ̀ àti àáfáà fẹ́ràn ọmọ mi. Ẹnì kan ti pè wọ́n pé oríire wọlé, àwọn ọmọ ń jìyà, páálí ń dúró dè wọ́n. Wọ́n pe ara wọn lórí fóònù, wọ́n sì fi ohun tí wọ́n ń ṣe sílẹ̀. Inú mọ́tò àáfáà kan náà ni àwọn méjèèjì bọ́ sílẹ̀ níwájú ilé mi.

"Ẹ̀gbọ́n!" ni àáfáà kígbe. "Ẹ kú oríire! Mo fi ìrẹsì ìyàwó sílẹ̀ nítorí yín!"

Mo ní, "Ẹ ò bá má ṣe wàhálà. Ẹ lọ sinmi ná. Ó di lẹ́yìn ọdún."

Pásítọ̀ ní, "Bàbá, ayọ̀ àwọn ọmọ kò ṣeé sún síwájú."

Wọ́n gbé páálí sílẹ̀ lórí tábìlì. Pálọ̀ kún, ojú fèrèsé kún. Pásítọ̀ gbàdúrà pé kí ohun tó wà nínú páálí yìí mú ìlọsíwájú wá. Gbogbo wa ṣe àmín. Àáfáà gbàdúrà pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ohun tó wà nínú rẹ̀ dójú ti ẹni tó ni ín. Àmín tèmi ló ròkè jù. Wọ́n wá yí ojú sí mi. Ta ló tún dàgbà tó mi nínú agboolé náà? Ẹnì kan ti fi ọ̀bẹ sí mi lọ́wọ́.

Ìgbà yẹn gan-an ni ọmọ mi wọlé tòun ti àpò ìrìn-àjò rẹ̀. Kò mú nǹkan kan bọ̀. Àáfáà ní, "Ọmọ mi, wá wò ó! Bàbá rẹ ti rà á kó o tó dé!"

Ó wo páálí, ó wò mí. Ojú rẹ̀ tàn. Ó rò pé lóòótọ́ ni, pé bàbá òun ti rí ohun tí òun wá dé Èkó tí òun ò rí. Gbogbo ìwà àgàbàgebè tí mo ti hù láyé, mi ò rí èyí tó dùn mí tó ti ìṣẹ́jú yẹn. Mo bá fi ọ̀bẹ la tépù kíákíá, kí ojú yẹn má bàa tún tàn jù bẹ́ẹ̀.

"Ìwé ni!" ni ọmọbìnrin Àbújá yẹn pariwo. Ẹni tí sálúbàtà rẹ̀ wà ní ipò àkọ́kọ́ bú sẹ́kún.

Àáfáà ti ọwọ́ bọ inú páálí dé ìsàlẹ̀, bí ẹni tó ń wá ẹran nínú ọbẹ̀ àpọ́n. Pásítọ̀ mú ìwé kan, ó wọ awò ojú rẹ̀, kó lè mọ ohun tí òun gbàdúrà sí. Ní etí ojú ewé náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà méjì tí olùkọ́ mi yà, ọ̀rọ̀ Yorùbá wà níbẹ̀ ní ìkọ̀wé mìíràn. Ó kà á sókè kó tó mọ ohun tó ń kà: "'Ṣé o ti jẹun? Mo gbé ẹ̀wà sílẹ̀ fún ọ. Má fi ìwé pa ara rẹ, mo ṣì ń lò ọ́.'"

Ilé hó. Alákàrà fi ṣíbí lu férémù fèrèsé. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹni tó ń sunkún náà fi gbàgbé. Ọmọ mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ pásítọ̀.

"Ìkọ̀wé Mọ́mì nìyí."

Mo ní, "Òun ni. Ó máa ń yá ìwé mi kà nígbà yẹn. Bó ṣe máa ń dá a padà nìyẹn."

Ó ṣí ojú ewé kan, ó ṣí òmíràn. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí àwọn èrò. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kò sí Fáìfù. Mo wá a, mi ò rí i. Ẹni tó bá fẹ́ gbá Fọ́ọ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ẹ sì dárí ji bàbá mi. Ó ti dàgbà."

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láyé! Ó kó ìwé náà mọ́ àyà, ó gbé àpò rẹ̀, ó wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Àwọn ọmọ mú bàtà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ṣẹ́ ku bàtà aláwọ̀ obì yẹn. Mo jókòó tì í. Kò pẹ́, ọkùnrin kan yọ láti ẹ̀yìn ilé, ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, ẹsẹ̀ kejì nínú sálúbàtà ilé ìwẹ̀. Àbúrò mi tó jẹ́ lọ́yà ní Àbújá ni, alága ìpàdé agboolé wa, ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín láìkọ́kọ́ wo aago.

"Ẹ̀gbọ́n, bàtà mi."

"O ò lọ́mọ kékeré mọ́. Ta lo ń bá tò?"

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ara mi ni."

Mo wò ó látòkè délẹ̀. Ó jókòó sórí àga rọ́bà, àga náà ké. "Ẹ̀gbọ́n, mo ní ọ̀kan. Ó wà nínú bùùtù. Inú páálí ìwé òfin ni mo kó o sí. Ìyàwó mi rò pé ẹjọ́ ni mo gbé wálé."

"O ní ọ̀kan, o sì wá to bàtà?"

"Ibo ni mo ti fẹ́ rí iná? Tiransifọ́mà àdúgbò wa ti jó láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Jẹnẹrétọ̀ là ń lò, ìyàwó mi ló sì ń ṣọ́ ọ. Ó ní ohun tí ò bá ti jẹ́ fìríìjì, kò gbọ́dọ̀ mu nínú epo yẹn."

Èmi kó ìwé sínú páálí géèmù. Òun kó géèmù sínú páálí ìwé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, òun náà bẹ̀rẹ̀, láìwo aago. Ẹ̀rín náà ló mú ọmọ mi ṣílẹ̀kùn.

Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán. Lọ́yà ní òun á yá a ní ẹ̀rọ náà títí di ọjọ́ kejì ọdún tuntun, bí a bá gbà kí òun máa gbá tòun láàárọ̀ kí àwọn ọmọ tó dé, kí ilẹ̀kùn wà ní títì, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ ẹni tó ni ín.

Ọmọ mi ní, "Mi ò ní í dárúkọ yín, sà. Mi ò sì ní í pa irọ́." Ó wò mí nígbà tó ń sọ gbólóhùn kejì.

Pátákó tó gbé síta láàárọ̀ Kérésì kà pé: FÁÌFÙ TI DÉ. A YÁ A NI. Kò sẹ́ni tó bèèrè àdúrà mọ́. Àdúrà ti wà nílẹ̀ ṣáájú ẹ̀rọ. Bàtà tún tò padà, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí wọ́n ṣe ń tò ó: "Bàbá, ṣé ìwé wà nínú èyí náà?" Ní ọjọ́ kejì, bàbá kan láti Pọtá gbé tirẹ̀ wá lábẹ́ agbádá, àwọn náà ò níná. Ní ọjọ́ kẹta, ẹlòmíràn dé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọmọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó káwọ́ gbera, tó ń wo òrùlé.

Ó ní, "Bàbá, Fáìfù ò wọ́n níhìn-ín. Inú bùùtù ló kún sí. Iná ló wọ́n, èmi sì ni mo ní in."

Ó nu pátákó, ó kọ òmíràn: GBÉ TÌRẸ WÁ. INÁ WÀ. Olùkọ́ mi tó ya ìlà méjì ì bá fún un ní máàkì tó pọ̀ ju tèmi lọ.

Ní ìdájí ọjọ́ tó ṣáájú ọdún tuntun, ìyàwó lọ́yà ká a mọ́bẹ̀. Ó wo páálí ìwé òfin, ó wo ọkọ rẹ̀ tó ń làágùn, ó fa àga, ó gba pádì kejì. Gólì mẹ́rin sí òdo ló fi nà án. Láti ìgbà yẹn ni lọ́yà kì í tètè jí mọ́.

Ọdún parí, àwọn mọ́tò padà lọ, bùùtù kún. Ọ̀rẹ́ mi ránṣẹ́ láti Rore pé obì òun ń gbẹ. Ọmọ mi ló lọ dá páálí rẹ̀ padà fún un, kò sì sọ nǹkan kan fún mi nípa oṣù kìn-ín-ní. Èmi náà ò bèèrè. Mo ń lọ wo adìyẹ lójoojúmọ́.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹwàá, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo wọ yàrá rẹ̀ nígbà tó wà níta, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti ń di ẹrù. Àpò ìrìn-àjò rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó wú, síìpù rẹ̀ wà ní pípa. Mo fà á, ó wúwo. Mo ṣí i. Àwọn ìwé mi ló wà nínú rẹ̀, tò tò tò, ó fi ọ̀rá wé ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi oògùn kòkòrò sáàárín wọn.

Ohùn rẹ̀ dún lẹ́yìn mi. "Kí lẹ ń wá?"

"Kò sí. Mo kàn ń rò ó ni pé ibo lo máa kó aṣọ rẹ sí, bó o bá ń lọ."

"Ta ló ní mò ń lọ?" Ó gba síìpù lọ́wọ́ mi, ó pa á dé. "Bàbá, ṣé ẹ ti jẹun?"